Ìṣísẹ̀ Méjìlá

Hilkka, mo ti dúró síbi òkúta tó o fi sàmì,
ìṣísẹ̀ méjìlá sí ẹnu ọ̀nà rẹ.
Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, omi lásán, kò sí ọṣẹ.
Afẹ́fẹ́ ń ti orí adágún bọ̀,
ọ̀dọ̀ rẹ ló ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi,
nítorí náà mo lè pẹ́ díẹ̀ lónìí.

Ọdún mọ́kàndínlógún lo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíkà
nínú iléèwé olórùlé pẹrẹsẹ yẹn.
Ta ní í kọ́ òrùlé pẹrẹsẹ
sí ìlú tí òjò dídì ti ń sùn lórí ilé fún oṣù márùn-ún?
Omi wọlé díẹ̀díẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn.
Ògiri lanu, kì í ṣe alángbá ló wọ̀ ọ́.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ya pákó ẹ̀yìn pátákó ìkọ̀wé rẹ,
ohun dúdú kan ti hù níbẹ̀, ó rọ̀ bí irun etí ológbò,
gbogbo ibẹ̀ ti bu
bí búrẹ́dì tí ọmọ gbàgbé sínú àpò ìwé.
O ti mí in sínú fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Ohùn rẹ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn ọmọ.
O pe Eino ní Onni, o pe Onni ní “ìwọ yẹn.”
O délé, o jókòó sórí àtẹ̀gùn tìwọ ti ẹ̀wù òtútù,
o ní, “Tauno, kí lorúkọ òpópónà wa?”
Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró dára, ó já ìwé ìmọ̀ràn lórí àníyàn fún ọ.
Lọ́fínńdà nọ́ọ̀sì lé ọ jáde kó o tó kà á tán.

Ìgbà náà ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn:
ìwé ìròyìn, àga tuntun, ọṣẹ ìfọṣọ àwọn ará ìsàlẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kan o yíjú sí mi, o fi ọwọ́ bo imú,
ojú sì tì ọ́ jù mí lọ.
Ọ̀dà ni mò ń kùn jẹun.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lábẹ́ èékánná mi.
Mo sọ ilé onílé di àwòpadàsẹ́yìn,
mo sọ tèmi di ibi tí aya mi ò lè sùn.
Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko.
Oko wo, Hilkka? Ilé wo?

Inú ilé oru tí bàbá rẹ àgbà fi ìtì igi kọ́ lo ń gbé báyìí,
kò sí gáàmù, kò sí ọ̀dà.
Ibùsùn irin. Aṣọ òwú tí a fọ̀ nígbà mẹ́wàá.
O ń sá lẹ́tà mi sórí okùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí tàdáwà rẹ̀ tó kú,
ìbínú mi sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ lẹ́yìn tí mo ti gbàgbé rẹ̀.

Saimi àbúrò mi ní inú orí rẹ ni gbogbo rẹ̀ wà.
Mo ní, orí náà ńkọ́, ṣé kì í ṣe ara ara ni?
Mi ò mọ̀ ọ́n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo kàn rí ọ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ elépo kọjá,
o ń wá ọ̀rọ̀ náà “omi”
bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lókùnkùn.

Mo ti fi iṣẹ́ ọ̀dà sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án.
Súwẹ́tà yìí, mo fi kọ́ igi eléèpo funfun fún òru mọ́kànlá,
òtútù tó ń fọ́ ìgò ló fọ̀ ọ́.
Mo jù ú sí ọ.
O fi ọ̀pá gbé e bí ẹni gbé ejò.
O gbóòórùn apá ọ̀tún. O dúró.
O gbóòórùn ọrùn.

“Apá yìí dára,” lo wí. “Ọrùn rẹ̀ ṣì jẹ́ ìwọ.”
O ò sọ bóyá ire ni tàbí ibi.
O mú un wọlé, o pa ilẹ̀kùn dé.
Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú,
mò ń wò ó bóyá wà á jù ú síta.